Mo Sọ Fún Panápaná Pé Gbogbo Wọn Ti Jáde

Ẹ̀rín ni mo fi gba ẹ̀wù pénpé yẹn. Ẹni tó ń ṣe fire warden àjà kẹrin tẹ́lẹ̀, ìyẹn wọ́dìn tó ń rí i pé gbogbo èèyàn jáde tí iná bá ń jó, ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ, ọ̀gá wa wá wo yíká yàrá ìpàdé, ojú rẹ̀ bọ́ sára mi, ó ní, "Ìwọ tí ohùn rẹ máa ń dé ìsàlẹ̀ yìí, ìwọ ni kó o máa bá wa ṣe é." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀wù tó ń kọ yànrànyànràn náà kọ́ ẹ̀yìn àga mi, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì mi lé e lórí. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀, tí mi ò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n kọ́ wa o, mi ò ní purọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni. Ọkùnrin kan wá, ó fi àwòrán hàn wá lára ògiri, ó mú wa rìn yí ilé ká, ó bi wá ní ìbéèrè mélòó kan, a buwọ́ lùwé. Fóònù mi wà lábẹ́ tábìlì ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn oníbàárà ni mò ń dá lóhùn. Ohun tó kù sí mi létí kò ju mẹ́ta lọ: tí agogo bá dún, pariwo; lé wọn sísàlẹ̀; kà wọ́n. Mo rò pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ni.

Àwọn tí ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn àga wọn lónìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ṣe kò dáa, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Kí ọjọ́ náà tó dé, agogo iná ilé wa ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì jẹ́ lásán. Lẹ́ẹ̀kan, eruku àwọn tó ń gé pákó ló kó sínú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín. Lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ló fi èjìká gbá bọ́tìnnì tó wà lára ògiri. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́tà kan ni mò ń parí lórí kọ̀ǹpútà. Mo parí ẹ̀. Mo tún un kà. Mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan rọlẹ̀, wọ́n fi ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ hàn mí: láti ìgbà tí agogo ti bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí ìdí mi kúrò lórí àga, ìṣẹ́jú méjì lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Èmi wọ́dìn.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú àwòrán yẹn ni ojú àwọn èèyàn. Agogo ń dún, wọ́n á gbórí sókè, wọ́n á wo apá ibi tí mo wà, wọ́n á rí i pé mo jókòó, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Tó bá jẹ́ pé iná wà ni, ṣé ẹ ò bá ti dìde ni?" Mi ò rí èsì fún un. Jíjókòó mi ti sọ̀rọ̀ fún gbogbo àjà náà kí n tó la ẹnu rárá.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀. Nínú fíìmù, tí agogo bá dún, gbogbo èèyàn á máa sá, wọ́n á máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Èyí tí mo fojú rí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ńṣe ni wọ́n ń fà á. Wọ́n ń wá báàgì. Wọ́n ń yọ wáyà fóònù. Wọ́n ń bi ara wọn pé "ṣé òótọ́ ni?" Ẹnì kan tilẹ̀ padà lọ pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ìsáré yẹn lè dé, àmọ́ ẹ̀yìn ni ó máa ń dé, nígbà tí èéfín bá ti hàn sójú. Àkókò tí wọ́n bá fi ń fà á yìí gan-an ni iṣẹ́ wọ́dìn, òun sì ni èmi fi tún lẹ́tà kà.

Òórùn ló gbé mi dìde. Òórùn ike tó ń jó, kì í ṣe ti nǹkan mìíràn. Mo fa ẹ̀wù náà yọ lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, apá rẹ̀ há mọ́ ọwọ́ àga, mo fà á ya. Mo wá pariwo pé, "Iná! Iná! Iná!"

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Igbe "iná" kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe. Àwọn kan dúró gbagidi, wọ́n ń wò mí lẹ́nu. Àwọn méjì gba ìdí lífìtì lọ, wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ léraléra. Mo ní láti lọ fà wọ́n kúrò níbẹ̀. Lífìtì lè dá dúró láàárín àjà méjì tí iná mànàmáná bá lọ, ó lè lọ ṣílẹ̀kùn síbi tí iná ti ń jó gan-an, ihò tó ń gbà lọ sókè sódò sì máa ń fa èéfín bíi símínì, ihò tí èéfín ìdáná ń gbà jáde. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kúrú: "Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn jáde. Nísinsìnyí." Kí n sì nawọ́ síbẹ̀.

Mo ti wá kà nípa Walter Bailey, ọmọ ọdún 18 tó ń kó abọ́ nílé fàájì kan tí wọ́n ń pè ní Beverly Hills Supper Club, ní ìpínlẹ̀ Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, iná ń jó ní apá kan ilé náà, àwọn aláwàdà sì wà lórí ìtàgé ní apá kejì, èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọmọ yìí gun orí ìtàgé, ó gba makirofóònù lọ́wọ́ wọn, ó nawọ́ sí ibi tí ọ̀nà àbájáde wà, ó ní iná wà nínú ilé, kí wọ́n máa jáde. Àwọn kan rò pé ara àwàdà ni. Èèyàn 165 ló bá iná yẹn lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló yè torí pé ó sọ̀rọ̀ nígbà tó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó fún un ní ẹ̀wù kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àjà kẹrin. Àga mi kò jìnnà sí àtẹ̀gùn iwájú, ibẹ̀ ni mo lọ dúró sí. Mò ń ju ọwọ́ bí ẹni ń dárí ọkọ̀, mò ń sọ pé "ẹ yára, ẹ yára". Ojú mi ń dán, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí èrò wá ṣẹ́kù díẹ̀ ni mo yíjú padà láti lọ wo inú yàrá. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ, èéfín sì ti wọlé dé.

Ọ̀nà òdìkejì ló yẹ kí n gbà. Wọ́dìn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìkangun tó jìnnà jù sí ọ̀nà àbájáde, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa da àwọn èèyàn síwájú bí ẹni ń da ẹran. Tó o bá ṣe é báyìí, o kò ní padà sẹ́yìn rárá, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń mú ọ sún mọ́ ìta. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ibi ààbò, mo wá ń lọ sínú ewu. Àwọn tó ń jáde ń kọlù mí, mo ń kọlù wọ́n.

Báwo ni èéfín ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tó jẹ́ pé àjà kẹta ni iná wà? Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn iwájú wuwo. Wọ́n ṣe é kó lè dá iná àti èéfín dúró fún àkókò kan, ó sì ní irin tó ń ti ara rẹ̀ pa. Títì í ń sú wa. Ẹnì kan ti wá fi nǹkan ṣe ìdènà sí i kó má bàa pa dé mọ́. Ṣé ẹ mọ nǹkan tó fi ṣe é? Ẹ̀rọ ìpaná pupa tó yẹ kó kọ́ sára ògiri. Ó ti di èèkàn ilẹ̀kùn. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀ fún oṣù mẹ́jọ, mo tilẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀ tó bá sún kúrò lójú ibi tó wà. Èéfín jáde ní àjà kẹta, ó gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó bá ilẹ̀kùn wa ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu.

Mo wá ní kí àwọn tó kù gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Wọ́n ń wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n gba ojú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nílé yẹn. Ibi tí èèyàn gbà wọlé ni ọkàn rẹ̀ máa ń sọ fún un pé kó gbà jáde. Nílé ijó The Station ní West Warwick, ìpínlẹ̀ Rhode Island, lóṣù Kejì ọdún 2003, èèyàn 100 ló kú. Ọ̀pọ̀ ló rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà iwájú tí wọ́n gbà wọlé, wọ́n sì há mọ́ra níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mìíràn wà. Lónìí, tí a bá ń dánra wò, mo máa ń lọ dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn iwájú pẹ̀lú pátákó tí mo kọ "INÁ WÀ NÍBÍ" sí, kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ ọ̀nà ẹ̀yìn kó tó di dandan.

Lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn náà, mo bá Màmá. Gbogbo wa ló ń pe àgbà obìnrin tó ń bójú tó ìwé owó bẹ́ẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kan kò gbà á, lífìtì ló ń bá a gòkè lójoojúmọ́. Ó ti jókòó sórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó fara ti ògiri kí àwọn èèyàn lè ráyè kọjá. Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Èmi á máa bọ̀ jẹ́jẹ́." Jẹ́jẹ́, nínú ilé tó ń jó! Mo ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé e. Wọn ò bi í léèrè ibi tí wọ́n lè dì mú, abẹ́ orúnkún tó ń dùn ún gan-an ni wọ́n kì mọ́lẹ̀, ó figbe ta. Wọ́n wá gbé e sórí àga ọ́fíìsì onítáyà, ẹ foju inú wò ó, àga onítáyà lórí àtẹ̀gùn. Níbi ìyípo kejì, díẹ̀ ló kù kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ó yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àga tí wọ́n dìídì ṣe fún gbígbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wà lára ògiri, kò jìnnà sí wa ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Mo lọ bá Màmá nílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun kò bínú, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ ò bi mí rí." Òótọ́ ni. Ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mọ bí ara òun ṣe rí, kí ẹ jókòó tì í kí iná tó dé, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló máa dúró tì í, ta ni yóò rọ́pò onítọ̀hún tí kò bá wá síbi iṣẹ́, ibo ni wọ́n á ti dúró de ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń dá iná dúró, báwo ni ó ṣe fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lóṣù yìí nìkan, tàbí aláboyún, tàbí ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ agogo.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí gan-an nìyí.

Lẹ́yìn tí Màmá lọ, mo padà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wo apá ọ̀tún. Mo ṣí yàrá ìpàdé kìíní, kò sí ẹnì kankan, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ẹlòmíì lè rí i pé mo ti wò ó. Ìkejì, bákan náà. Àṣìṣe pátápátá ni. Ilẹ̀kùn tí èèyàn bá ti yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kó pa á dé, kó má fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ilẹ̀kùn lásán tó bá padé lè dá èéfín dúró ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Mo dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo kanlẹ̀kùn, mo pariwo "ta ló wà níbẹ̀?", kò sí ìdáhùn, mo kọjá. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, lè má dáhùn. Ó yẹ kí n wọlé, kí n ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan síwájú kí n lè wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ìkangun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù: yàrá tí a ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Mo ń wò ó láti ibi tí mo dúró sí. Èéfín ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, ó ti dé ibi àyà mi. Kì í ṣe bí èéfín igi, ó dúdú, ó nípọn, ó ń ta ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa èémí kan, ọ̀fun mi dì. Mo ní lọ́kàn mi pé, "Fáìlì lásán ló wà níbẹ̀." Mo yí padà.

Ẹ gbọ́ o: yíyí tí mo yí padà yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n ti sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ yẹn. Èéfín ló ń pa èèyàn níbi iná ju ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, èèyàn lè ṣubú kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Wọ́dìn kì í wọ inú èéfín. Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo dé ìta ni àṣìṣe.

Ní ìta, rúdurùdu ni. Ibi ìpéjọ wa jẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná gbọ́dọ̀ gbà wọlé, awakọ̀ ń fọn fèrè, a wá ń sá síbí sá sọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín bọ̀ sọ́dọ̀ wa, a tún ṣí lọ. Àwọn kan ti lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé ìsàlẹ̀, wọ́n ń fi fóònù ya àwòrán. Mo fa ìwé orúkọ yọ nínú àpò. Oṣù mẹ́ta ni ìwé náà ti wà níbẹ̀. Orúkọ 33 ló wà lórí rẹ̀. Mo ka orí: 31. Mo rántí pé àwọn méjì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Méjì lára 33, ó ku 31. Ó pé! Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọ̀gá àwọn panápaná wá, ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. "Àjà kẹrin?" Mo ní, "Gbogbo wọn ti jáde, sà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí àjà kẹta.

Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àǹtí kan nínú wa fà mí lápá. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ńkọ́? Mo ní kó lọ to fáìlì."

Orí 31 tí mo kà ni mo rí, mi ò pe orúkọ. Ọkùnrin kan láti àjà karùn-ún bá wa sọ̀ kalẹ̀, ó dúró láàárín wa, mo ka òun náà mọ́ wa. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ kò sí lórí ìwé mi rárá, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló tíì lò lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tó dé lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìwé náà kò sí níbẹ̀ bákan náà, àmọ́ àwọn méjì tí orúkọ wọn wà lórí ìwé náà kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ fi irọ́ bo ara wọn, ó wá jẹ́ 31. Iye lásán kò wúlò fún nǹkan kan. Orúkọ ni kí ẹ pè, kí onítọ̀hún dáhùn, kí ẹ rí ojú rẹ̀. Ìwé tí àwọn àlejò ń buwọ́ lù ńkọ́? Ó wà lórí tábìlì ní ìloro, nínú ilé, ibi tí ẹni tó sá jáde fi í sí.

Orúnkún mi yẹ̀. Mo wá sáré padà sẹ́nu ọ̀nà. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Bàbá aṣọ́nà ló gbá mi mú ní bẹ́líìtì lẹ́yìn, mo ń jà, mo ń já, kò fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹnì kan ló wà nínú ilé. Tó o bá wọlé, ẹ ti di méjì. Ta ló máa wá sọ fún wọn ibi tí ẹni àkọ́kọ́ wà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró, kì í ṣe agbára ọwọ́ rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá panápaná. Ohùn mi ń gbọ̀n, àmọ́ mo sọ ohun tó nílò: "Àjà kẹrin, apá ọ̀tún, ìkangun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì kejì. Yàrá fáìlì. Ìta ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí. Ẹnì kan, ọkùnrin, ọ̀dọ́, ẹ̀wù búlúù. Mi ò dé ibẹ̀." Ó wò mí fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé e jáde láàyè. Ohun tó gbà á là kì í ṣe èmi. Ó fi nǹkan sétí, ó ń gbọ́ orin, ilẹ̀kùn yàrá yẹn nípọn, kò gbọ́ agogo. Nígbà tó rí èéfín tó ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ó gbóná díẹ̀. Kò ṣí i. Ó bọ́ ẹ̀wù búlúù rẹ̀, ó fi di abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ṣí fèrèsé díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára díẹ̀, ó sì ń nawọ́ sókè, ó ń fi fáìlì funfun kan juwọ́ níta fèrèsé. A wà ní apá kejì ilé náà, kò sí ẹni tó rí i. Ọjọ́ méjì ló lò nílé ìwòsàn, ó ń wúkọ́.

(Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀kùn wò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ lo fẹ́ fi di nǹkan mú, òun lo fẹ́ fi rákò, má fi í jóná.)

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀gá panápaná pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn. Mo rò pé èébú ni. Ó ní, "Ká ní o sọ fún mi pé 'ibi kan wà tí mi ò lè dé', mi ò bá ti rán èèyàn méjì lọ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwọ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbà ọ́ gbọ́." Kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣeé ṣe kó sàn ká ní ó pariwo.

Wọ́dìn àjà kẹta ní tirẹ̀ ní ìtàn tó ti sọ, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un níbí torí ẹ̀rí ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì alápá púpọ̀ tí wọ́n ki wáyà mẹ́fà bọ̀ ló gbaná lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́dìn náà gbé ẹ̀rọ ìpaná tó súnmọ́ ọn, omi ló wà nínú rẹ̀, ó fẹ́ tú u sórí iná mànàmáná. Ẹnì kan ló fà á sẹ́yìn. Omi dára fún ìwé, igi àti aṣọ; ti iná mànàmáná, ẹ lo èyí tí afẹ́fẹ́ carbon dioxide wà nínú rẹ̀ tàbí oníyẹ̀fun; sórí epo gbígbóná, omi á sọ ọ́ di bọ́ǹbù. Ó wá gbé èyí tó tọ́, ó tẹ̀ ẹ́, kò pé ìdajì ìṣẹ́jú tó fi tán. Kò mọ̀ pé kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iná tí kò bá ju agbọ̀n ìdọ̀tí lọ ni kí èèyàn gbìyànjú rẹ̀, kí ọ̀nà àbájáde sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn iná. Tí kò bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kó pa ilẹ̀kùn dé, kó máa lọ.

Mo fẹ́ dá ẹ̀wù náà padà. Ọ̀gá wa kò gbà á. Ó ní ta ló tún máa mọ̀ ọ́n tó mi báyìí. Mo bínú sí i nígbà yẹn.

Àwọn nǹkan tí a ti yí padà kò le. Ẹ̀wù wà lára kọ́ọ̀kì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sí jákẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀. Láràárọ̀ Ajé, mo ń rìn àtẹ̀gùn méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, páálí mọ́kànlá ni mo kó kúrò lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Mo máa ń rántí ilé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York lọ́dún 1911, níbi tí òṣìṣẹ́ 146 ti kú, tí ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan tó yẹ kí wọ́n gbà wà ní títì pa. A pín àjà wa sí méjì, ẹnì kan sì ń bá mi ṣe é, torí pé ẹnì kan kò lè wo ìkangun méjì. Ìwé orúkọ ń yí padà lójoojúmọ́, àlejò wà lórí rẹ̀, ẹni tó wà nídìí tábìlì ìloro ló sì ń gbé ìwé àlejò jáde. Àga Màmá ti kúrò nínú ọ̀rá; a ti gbé òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní níbi ìyípo kejì ni ká rọra.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ nígbà tí mo bá dé ìta ni mo yí padà jù. Mi ò sọ "gbogbo wọn ti jáde" mọ́. Mo máa ń sọ ibi tí mo dé, mo sì máa ń sọ ibi tí mi ò dé, mo máa ń dárúkọ ẹni tí mi ò tíì rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń tì mí lójú láti dúró níwájú ọ̀gá kí n máa sọ ohun tí mi ò ṣe.

Tí a bá ń dánra wò báyìí, ẹnì kan máa ń fi ara pamọ́ síbìkan láìjẹ́ kí n mọ̀. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ yẹn ló máa ń ṣe é. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́, òun ló ń bá mi wo apá ọ̀tún lọ́jọ́ tí kò bá fara pamọ́. Lóṣù tó kọjá, mo yẹ gbogbo ibi wò, ó ku yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí. Mo jáde, mo ní, "Yàrá ìgbálẹ̀, apá òsì, mi ò lè ṣí i, mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀." Wọ́n lọ ṣí i, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Abẹ́ tábìlì mi ló jókòó sí, ó ń jẹ̀kánná.